Túndé King, ọmọ Olówógbowó tó sọ jùjú di orin ìlú, tó sì bá ọkọ̀ òkun lọ

Bí wọ́n bá dárúkọ orin jùjú láwùjọ, orúkọ àwọn mẹ́ta ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. I.K. Dáíró ni ọ̀kan, ẹni tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá lọ́dún 1963. Ebenezer Obey ni ìkejì, tí àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1964. Ìkẹta ni Sunny Adé, tó gbé orin náà dé etí àwọn òyìnbó lọ́dún 1982. Àwọn àgbàlagbà díẹ̀ a sì máa fi Àyìndé Bákàrè kún un. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bí Obey àti Sunny sáyé, nígbà tí Dáíró ṣì ń ṣeré nínú iyanrìn, ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀wé kan ti wà ní Erékùṣù Èkó tó jẹ́ pé bánjò ọwọ́ rẹ̀ àti ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ òde àríyá tó gbayì. Abdulrafiu Babátúndé King ni orúkọ rẹ̀, Túndé King ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Òun ni àwo orin rẹ̀ kọ́kọ́ sọ jùjú di orin tí gbogbo ìlú mọ̀. Òun kan náà ló sì tún wọ ọkọ̀ òkun, tó fi orin náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti Èkó sílẹ̀ nígbà tí òkìkí rẹ̀ ń ràn bí oòrùn ọ̀sán.

Ọjọ́ 24, oṣù kẹjọ, ọdún 1910 ni wọ́n bí i ní Olówógbowó. Ẹni tó bá mọ Èkó ayé ìgbà náà yóò mọ̀ pé àdúgbò tí wọ́n bí ènìyàn sí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìsàlẹ̀ Èkó ni ti àwọn onílẹ̀, níbi tí Ìgà Ìdúngànràn wà, tí ilé àwọn olóyè sì yí i ká. Pópó Àgùdà ni ti àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé, àwọn káfíńtà àti bíríkìlà tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò láfiwé. Lafíàjì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ti òkè wá ń dó sí. Olówógbowó ní tirẹ̀ ni ibùdó àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n kó lọ sí Freetown, tí àwọn àti ọmọ wọn sì padà dé pẹ̀lú ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti orúkọ òyìnbó.

Onígbàgbọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn Sàró, àmọ́ Mùsùlùmí ni ìdílé King. Ibrahim Sanni King, bàbá rẹ̀, jẹ́ akọ̀wé kọ́ọ̀tù ní Ìlaró, ó sì ti gbé ní Fourah Bay ní Freetown rí. Báyìí ni ọmọ Mùsùlùmí yìí ṣe dàgbà láàárín àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló lọ, ó sì tẹ̀síwájú ní Eko Boys' High School, tí Àlùfáà W.B. Euba dá sílẹ̀ lọ́dún 1913. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní gìtá títa.

Gìtá fúnra rẹ̀, àlejò ni l'Ékòó. Àwọn atukọ̀ ẹ̀yà Kúrúù láti etíkun Làìbéríà, tí wọ́n ń bá ọkọ̀ òyìnbó ṣiṣẹ́ káàkiri èbúté Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ló gbé e dé. Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ta á: àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e nìkan ni wọ́n fi ń ja okùn rẹ̀, a sì máa dún bí ẹni pé ènìyàn méjì ló ń ta á. Ìsọ̀ ẹlẹ́mu ni irú orin bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀. Nígbà tó fi di ọdún 1928, akọrin Yorùbá kan, Domingo Justus, ti kọrin sínú àwo pẹ̀lú gìtá fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn ni àṣíkò wà, orin àwọn ọ̀dọ́ Onígbàgbọ́, tí wọ́n ń lu ìlù onígun mẹ́rin tí ń jẹ́ sámbà sí, tí wọ́n sì tún ń họ ayùn káfíńtà mọ́ ọn. Àwọn Mùsùlùmí ní sákárà tiwọn. Erékùṣù kan náà tí kò tóbi ni gbogbo ìwọ̀nyí wà, tó fi jẹ́ pé ògiri ilé kò lè dí orin àdúgbò kan mọ́ àdúgbò kejì létí.

Lọ́dún 1929, Túndé King ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé lójú ọ̀sán, ó sì ń kọrin lálẹ́. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀: òun nídìí gìtá, ẹnìkan nídìí sámbà, ẹnìkan nídìí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ọmọ àdúgbò ni wọ́n. Ẹ má fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n wá ń pè ní àríà bọ́ìsì nígbẹ̀yìn o. Ní ayé ìgbà náà, àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀wé, tí wọ́n níṣẹ́ lọ́wọ́, tí wọ́n sì máa ń kóra jọ fún fàájì lẹ́yìn iṣẹ́, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Láìpẹ́, King mú nǹkan tuntun wọ inú ẹgbẹ́ náà. Ó ra ìlù pẹlẹbẹ kékeré kan, irú èyí tí wọ́n to irin wínníwínní sí létí, lọ́dọ̀ ìjọ Ọmọ Ogun Ìgbàlà, tí wọ́n ti wà l'Ékòó láti ọdún 1920. Ó gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Làmídì George, tó ti ń lu sámbà tẹ́lẹ̀. Làmídì kò lù ú bí àwọn ará ìjọ náà ṣe ń lù ú. A máa fi ọwọ́ yí i, a máa jù ú sókè kí irin etí rẹ̀ máa dún woroworo bó ti ń pòyì lófuurufú, a sì hán an kó tó balẹ̀ láìjẹ́ kí orin já. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìlù náà ní jùjú nítorí jíjù tó ń jù ú, láti ara ìlù ni orúkọ náà sì ti ran orin. Bí King fúnra rẹ̀ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyẹn nígbà tó dàgbà. Àwọn mìíràn ní òyìnbó ló sọ orin náà lórúkọ, nítorí jùjú ni wọ́n ń pe gbogbo ohun aláwọ̀ dúdú tí kò bá ti yé wọn, pàápàá oògùn. Àlàyé yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀wọ̀n. Àwọn ọmọ Olówógbowó tí wọ́n mọ gẹ̀ẹ́sì bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó máa fi orúkọ àbùkù òyìnbó ṣọ̀ṣọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó gbọ́ Yorùbá, tó sì rí ọwọ́ Làmídì, kò nílò ògbufọ̀ kankan.

Nígbà tó yá, wọ́n di mẹ́rin, elégbè kan dara pọ̀ mọ́ wọn. Gìtá náà sì di bánjò, nítorí kò sí ẹ̀rọ agbóhùnsókè lásìkò náà, ohùn bánjò sì le ju ti gìtá lọ nínú ilé tí èrò kún. Orin wọn kì í sáré. King a gbé ohùn sókè, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni pé ó ń fún un jáde lọ́nà ọ̀fun, elégbè a sì wọlé tẹ̀ lé e. Òwe, oríkì àti orúkọ àwọn tó wà níkàlẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Kì í ṣe ìta gbangba ni wọ́n sábà máa ń ṣeré, bí kò ṣe pálọ̀ àti àgbàlá àwọn ọlọ́lá: dókítà, lọ́yà, oníṣòwò àti akọ̀wé àgbà. Ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìṣílé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n sí. Olóde a fún wọn lóúnjẹ àti ọtí, àlejò tí orin bá kàn a sì lẹ owó mọ́ wọn níwájú orí. Èkó gan-an ń ṣe àríyá lákòókò náà. Lọ́dún 1931 ni Ọba Èṣùgbàyí, Elékòó, padà dé láti ìgbèkùn Ọ̀yọ́ tí ìjọba ti kó o lọ láti 1925, tí Ìsàlẹ̀ Èkó sì tún rí ọba rẹ̀ lójú.

Ohun kan wà nínú orin King tí àwọn tó ń yìn ín kì í sábà mẹ́nu bà. Mùsùlùmí ló ń kọ ọ́; ìlù ìjọ Onígbàgbọ́ ni wọ́n ń jù sókè sí i; sámbà inú rẹ̀, àwọn Àgùdà ni wọ́n ń tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn; gìtá rẹ̀, ọwọ́ àwọn Kúrúù ló ti wá; ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti èdè rẹ̀ ni ti ilé. Sákárà ní ẹ̀sìn tó ń bá rìn, àṣíkò náà ní tirẹ̀. Orin ọmọ Olówógbowó yìí lè wọ ilé ẹnikẹ́ni, ìdí rèé tó fi tàn ká ju àwọn tó bá l'Ékòó lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn orin tó gbà sínú àwo dá lórí ikú Dókítà Ògúntọ́lá Sapara, tó di olóògbé lọ́dún 1935. Ó yẹ kí àwọn tí kò mọ Sapara mọ̀ ọ́n díẹ̀. Freetown ni wọ́n bí òun náà sí lọ́dún 1861, orúkọ òyìnbó ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ kó tó bọ́ ọ sílẹ̀, tó fi ti Yorùbá rọ́pò rẹ̀. Dókítà ìjọba ni, àmọ́ ó wọnú ẹgbẹ́ àwọn tó ń bọ Ṣọ̀pọ̀ná láti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níkọ̀kọ̀, ohun tó rí níbẹ̀ ló sì mú kí ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ náà lọ́dún 1917. Nígbà tí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kú, Èkó sunkún, King sì fi bánjò bá wọn dárò rẹ̀. Nínú orin bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ti lè rí i pé àríyá nìkan kọ́ ni iṣẹ́ jùjú láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ó ń sọ ẹni tó lọ, ó ń sọ ohun tó ṣe, àwo náà sì ń gbé ìròyìn rẹ̀ dé ilé ẹni tí kò sí níbi ìsìnkú.

Ìparí ọdún 1935 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ rédífúṣọ̀n l'Ékòó, àpótí tí wọ́n fi wáyà fà wọnú ilé. Lọ́dún 1936 ni ilé iṣẹ́ Parlophone wá gba orin Túndé King sílẹ̀, ojú àwo tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ sì lé ní 30. Ojú kan àwo ayé ìgbà náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Orin tí King lè fà títí di ìdájí, tó lè fi kí gbogbo àlejò inú pálọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di dandan kó ká a kò sínú ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹni tó bá gbọ́ àwọn àwo náà lónìí, bí ẹni tó ń gba ihò kọ́kọ́rọ́ wo òde àríyá ni. Òkìkí King kúrò ní ti erékùṣù, ó di ti ibikíbi tí wọ́n bá ti ní ẹ̀rọ gírámáfóònù. Ti owó ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba ni àwọn ilé iṣẹ́ àwo ń san fún akọrin, èrè tó kù di tiwọn, akọrin tó ti fi òru kọrin a sì padà sídìí tábìlì akọ̀wé rẹ̀ bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá mọ́.

Láàárín àwọn tó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ King ni Sàíbù Àyìndé Bákàrè wà. Lafíàjì ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1912, ìdílé bàbá rẹ̀ sì wá láti Ìlọrin. Bánjò kékeré olókùn mẹ́rin ni tirẹ̀. Lọ́dún 1937, ọdún kan péré lẹ́yìn ti ọ̀gá rẹ̀, ọmọṣẹ́ náà gba orin tirẹ̀ sínú àwo fún His Master's Voice. Inú agbo ilé iṣẹ́ kan náà, EMI, ni Parlophone àti His Master's Voice wà. Ilé iṣẹ́ kan náà ní London ló wá ń ta ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ fún àwọn ará Èkó, ọ̀kan láti Olówógbowó, ìkejì láti Lafíàjì.

Lọ́dún 1939, Túndé King gba iṣẹ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù ojú òkun, ó sì fi Èkó sílẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni ogun Hitler bẹ́. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó epo, ekuro àti ẹ̀pà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nílò ènìyàn, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì sì ń rì wọ́n lójú agbami. Kì í ṣe òun nìkan ni òkun fà lọ lára àwọn olórin Èkó. Ambrose Campbell, ọmọ oníwàásù, bá ọkọ̀ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun náà, ó sì dá ẹgbẹ́ West African Rhythm Brothers sílẹ̀ ní London lọ́dún 1946. Bobby Benson náà ṣiṣẹ́ ọkọ̀, ó padà sí Èkó lọ́dún 1947, ó sì di ògúnná gbòǹgbò nínú orin háíláìfù. Ṣùgbọ́n London ni àwọn wọ̀nyí gbà lọ. King kò gba ibẹ̀. Etíkun Áfíríkà níbí ló ń rìn, ó sì ń kọrin ní èbúté àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso nígbà náà, bíi Dakar àti Conakry. Ojú ọ̀nà tí gìtá gbà wá sí Èkó ni ó gbà padà lọ.

Lọ́dún 1941, ó yọjú sí Èkó. Kò pẹ́ tó tún fi wọkọ̀, lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ogun ti dá iṣẹ́ àwo dúró, àwọn ilé iṣẹ́ London kò ráyè wá gba orin ní Áfíríkà. Ohun tó kù nílé nínú Túndé King ni àwọn àwo 1936, tí abẹ́rẹ́ gírámáfóònù ń họ díẹ̀díẹ̀ títí ohùn wọn fi ń lọ sílẹ̀.

Jùjú kò sì dúró. Nǹkan bí ọdún 1948 ni Akanbi Wright, tí wọ́n tún ń pè ní Akanbi Ege, gbé gángan wọnú rẹ̀. Lọ́dún 1949, Bákàrè so gìtá rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Ó ṣeé ṣe kí ìgbésẹ̀ méjèèjì dàbí ohun kékeré létí ẹni tó mọ jùjú òde òní nìkan, àmọ́ àwọn ló yí orin náà padà pátápátá. Láyé King, kò sí bí wọ́n ṣe lè fi gángan sí i. Ìlù tí í sọ̀rọ̀ níwájú ọba lójú àgbàlá yóò bo bánjò àti ohùn akọrin mọ́lẹ̀ nínú pálọ̀. Nígbà tí iná mànàmáná ti gbé ohùn gìtá àti ti akọrin sókè, ìlù rí àyè wọlé. Bí ìlù ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ ń gbòòrò, tí orin bọ́ láti pálọ̀ sí ìta gbangba, lábẹ́ àgọ́, níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ti lè jó sí i. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin di ohun àtijọ́. Ìlù pẹlẹbẹ tí Làmídì George ń jù sókè, òun tó fún orin náà lórúkọ, di ohun tí wọ́n ń fi sí ẹ̀gbẹ́ kan, títí ó fi di pé ẹgbẹ́ jùjú lè ṣeré ní gbogbo òru láìsí i nínú wọn rárá.

Irú Èkó bẹ́ẹ̀ ni Túndé King padà wá bá lọ́dún 1954. Ẹni ọdún 44 ni. Wọ́n ṣe àríyá ìkíni-káàbọ̀ fún un, torí àwọn tó fi orin rẹ̀ ṣègbéyàwó ní 1935 tàbí 1936 ṣì wà láyé, wọ́n sì ti ń lówó lọ́wọ́. Àwọn tí wọn kò tíì tó ogún ọdún ni kò mọ̀ ju pé bàbá kan tí ó ti kọrin rí ti dé láti òkun. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n yọ Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó di ti ìjọba àpapọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1955, ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò wíwó àwọn ilé àárín erékùṣù, ilẹ̀ tó tó nǹkan bí éékà 70, tí wọ́n sì ń kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Agbo ilé tó ti wà pọ̀ láti ìran dé ìran fọ́n ká. Àwọn pálọ̀ àti àgbàlá tí wọ́n wà fún irú orin King, orin ẹlẹ́ni mẹ́rin tó ń kí àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan, ń dín kù lójú rẹ̀.

Kò tún padà di ọ̀gá àwọn olórin mọ́. Bákàrè ló wà lókè, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Meranda, gìtá oníná lọ́wọ́ rẹ̀, gángan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ro ibi tí wọ́n ti jọ bẹ̀rẹ̀, tó rí i tí ọmọṣẹ́ jókòó sórí àga tí ọ̀gá dìde kúrò, lè sọ pé King ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Èyí kò fi bẹ́ẹ̀ dára. Ká ní ó dúró sílé, bánjò rẹ̀ nìkan kọ́ ni ìbá bá a wọ ọdún 1949. Òun náà ìbá yan láàárín iná mànàmáná àti ìgbàgbé, bí gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe yan. Kò sì sí ẹni tó kọ jùjú lẹ́yìn rẹ̀ tí kò pa ọ̀nà tó là mọ́: akọrin tó ń darí, elégbè tó ń tẹ̀ lé e, gìtá tó ń sọ̀rọ̀ láàárín wọn, orúkọ olóde tó ń bọ́ sínú òwe.

Ikú Bákàrè burú. Lọ́dún 1972, lẹ́yìn tó lọ ṣeré lóde, inú ọ̀sà Èkó ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni. Ọ̀gá rẹ̀ ló wá pẹ́ láyé jù ú lọ. King darúgbó, ó sì bá àwọn tó ń ṣèwádìí ìtàn orin Yorùbá sọ̀rọ̀ nígbà ogbó rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa Làmídì George, ìlù pẹlẹbẹ àti òde àríyá Èkó ti wá. Nígbà náà, jùjú ti ń gbé Obey àti Sunny káàkiri ayé.

Lọ́dún 1985, ilé iṣẹ́ Rounder ní Amẹ́ríkà ṣa àwọn orin jùjú àtijọ́ jọ sínú àwo ńlá kan, láti orí àwo tí ariwo abẹ́rẹ́ ti bo ìdajì ohùn wọn. Wọ́n pe é ní Juju Roots. Orin Túndé King ti 1936 wà níbẹ̀, ti Àyìndé Bákàrè náà sì wà níbẹ̀, àwo kan náà ló gbé ọ̀gá àti ọmọṣẹ́.